Mílíọ̀nù 38 láti fi ṣọ́ owó: ṣé kò ti pọ̀ jù?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni olú ilé-iṣẹ́ wa wà. Nǹkan mímu, mílíìkì àti àwọn ọjà inú páálí mìíràn ni à ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe wọ́n, tí a ń pín fún àwọn ọlọ́jà. Ẹ̀ka mẹ́fà la ní, títí dé Àkúrẹ́, òṣìṣẹ́ wa sì jẹ́ 74. Lọ́dún tó kọjá, a ta ọjà bílíọ̀nù 2.4 náírà, èrè tó kù sí wa lọ́wọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 68. Báńkì tí a fẹ́ yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní àfi kí a fi hàn pé à ń mójú tó àkóso abẹ́nú wa. Ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn kan ní mílíọ̀nù 38 lọ́dún ni àwọn yóò gbà. Oníṣirò owó wa ní ká gba ọ́dítọ̀ abẹ́nú kan, kó máa jábọ̀ fún òun. Àbúrò mi tó jẹ́ díréẹ́tọ̀ ní ká má ná kọ́bọ̀, pé ṣebí ọ́dítọ̀ ìta ń wá lọ́dọọdún. Èló gan-an ló yẹ kí ilé-iṣẹ́ bí tiwa ná?”

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrọ́jú òwò lásìkò yìí. Ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn yé mi. Mílíọ̀nù 38 ju ìdajì èrè yín lọ. Bí ẹ bá sì jókòó láì ná kọ́bọ̀, ẹ ò lè mọ ohun tó ń lọ ní ẹ̀ka tí ẹ kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Mi ò ní sọ fún yín pé iye báyìí nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà ni kí ẹ ná, nítorí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé-iṣẹ́ méjì lè ta bílíọ̀nù 2.4 lọ́dún, kí ọ̀kan máa gba gbogbo owó rẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà mẹ́ta nípasẹ̀ báńkì, kí èkejì máa gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà 400, apá kan ní káàṣì, apá kan ní tránsífà, apá kan ní àwìn. Ìnáwó àwọn méjèèjì kò lè dọ́gba. Ibi tí iye tó tọ́ ti ń jáde ni ohun tó lè sọnù, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó kí ẹ tó mọ̀ pé ó ti sọnù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì tí wọ́n máa ń pò pọ̀ sọ́tọ̀. Àkóso abẹ́nú ni àwọn ìgbésẹ̀ tí kì í jẹ́ kí owó tàbí ọjà ṣìnà: pé ẹni tó gba owó kọ́ ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé, pé ẹrù kò gbọdọ̀ jáde ní géètì láìsí wébíìlì, pé ẹni méjì ni yóò fọwọ́ sí ìsanwó tó bá ju iye kan lọ. Ìmójútó ni kí a máa wò ó bóyá àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ṣì ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ìfọwọ́sí ẹni méjì jẹ́ àkóso. Kí ẹnìkan mú ìwé ìsanwó ogún ní ìparí oṣù, kó wò ó bóyá ẹni kejì rí ínfọ́ìsì kó tó fọwọ́ sí i, àbí ó ti fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì òfìfo sílẹ̀ kó tó rìnrìn àjò, ìyẹn ni ìmójútó. Ìlànà COSO tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1992, tí wọ́n tún ṣe ní 2013, tí àwọn ọ́dítọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń lò, ka ìmójútó sí ọ̀kan nínú apá márùn-ún tí àkóso abẹ́nú ní. Ọ̀nà méjì ló pín in sí: èyí tó wà nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́ fúnra rẹ̀, àti àyẹ̀wò tí ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà ń wá ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ojoojúmọ́ kò wọ́n, òun ló sì ń tètè rí ohun tó bàjẹ́. Ti ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n, ó sì máa ń dé lẹ́yìn tí owó ti lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń rí ohun tí ojú àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ ti mọ́ jù. Ẹ nílò méjèèjì, kì í ṣe ní ìwọ̀n kan náà. Níbi tí àkóso gan-an kò bá sì sí, ẹ má tíì sanwó fún ìmójútó rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi géètì síbẹ̀ ná.

Àbúrò yín ò mọ ohun tí ọ́dítọ̀ ìta ń wá ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ bóyá ìwé ìṣirò ọdún yín ṣeé gbára lé lápapọ̀. Ó máa ń wo díẹ̀ lára ìwé, kì í wo gbogbo rẹ̀. Ó tún máa ń pinnu iye kan tí àṣìṣe gbọ́dọ̀ tó kí ó tó kà á sí ohun tó lè ṣi ẹni tó ń ka ìwé náà lọ́nà. Bí tiyín bá fi ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà ṣe òdiwọ̀n, mílíọ̀nù 12 nìyẹn. Máníjà ẹ̀ka tó bá ń yọ 600,000 lóṣooṣù yóò ti kó mílíọ̀nù 7.2 lọ kí ọdún tó yí, ìwé yín á sì gba ìfọwọ́sí tó mọ́ kedere, láìjẹ́ pé ọ́dítọ̀ ṣe àìdáa kankan. Nínú ìwádìí tí ẹgbẹ́ ACFE, àwọn tó ń tọpinpin jìbìtì, gbé jáde ní 2024, ìdá 3 péré nínú 100 ọ̀ràn jìbìtì ni ọ́dítọ̀ ìta tú fó. Ìdá 43 ló jẹ́ pé ẹnìkan ló wá ta ilé-iṣẹ́ lólobó. Èmi yóò padà sórí olóbó yìí.

Ìmọ̀ràn oníṣirò owó yín sún mọ́ òótọ́, ibì kan ṣoṣo ló ti wọ́. Ọ́dítọ̀ abẹ́nú kò gbọdọ̀ máa jábọ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú ìwé owó. Mi ò sọ pé ó ń jalè o. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ bí omi, ìdajì ohun tí ọ́dítọ̀ náà yóò rí ni yóò jẹ́ àléébù iṣẹ́ rẹ̀, ta ni yóò sì fi tayọ̀tayọ̀ gbé ìyẹn dé iwájú yín? Ní WorldCom, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ní 2002, Cynthia Cooper àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ọ́dítọ̀ abẹ́nú ló tú àṣírí bílíọ̀nù 3.8 dọ́là tí wọ́n kọ sí ibi tí kò yẹ nínú ìwé. Ọ̀gá àgbà ètò ìnáwó tí wọ́n ń jábọ̀ fún nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, Scott Sullivan, gan-an ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì ní kí wọ́n sún àyẹ̀wò náà síwájú ná. Ohun tó gbà wọ́n ni pé ọ̀nà wà fún wọn láti dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ọ́dítọ̀ tí àwọn díréẹ́tọ̀ yàn. Ní tiyín, kí ẹni náà máa jábọ̀ fún ìpàdé àwọn díréẹ́tọ̀, kí owó oṣù rẹ̀ má sì wà lọ́wọ́ oníṣirò owó láti gé.

Ní ti mílíọ̀nù 38 yẹn, ohun tó jọ ọ́ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó tóbi jù yín lọ. Lẹ́yìn tí WorldCom àti Enron, ilé-iṣẹ́ agbára níbẹ̀ tó fi ìwé ìṣirò tan àwọn ènìyàn, wó, Amẹ́ríkà ṣe òfin Sarbanes-Oxley ní 2002. Abala 404 rẹ̀ ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìpín wọn wà lọ́jà máa yẹ àkóso abẹ́nú wọn wò, kí wọ́n sì jábọ̀. SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìpín níbẹ̀, fojú díwọ̀n ní 2003 pé yóò ná ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí 91,000 dọ́là. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ètò ìnáwó, FEI, ṣe ìwádìí láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní 2005, ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n ná lọ́dún àkọ́kọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 4.36 dọ́là. Ohun tó fà á ni pé wọ́n ń dán gbogbo ìgbésẹ̀ wò bákan náà, àtèyí tó lè wó ilé-iṣẹ́ àtèyí tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ní 2007 ni wọ́n yí ìlànà àwọn ọ́dítọ̀ padà, pé ibi tí ewu wà ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2010, wọ́n yọ̀ǹda àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré kúrò nínú pé ọ́dítọ̀ ìta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àyẹ̀wò náà, àmọ́ àwọn alákòóso wọn ṣì ń ṣe tiwọn. Nítorí náà, ẹ bi àwọn agbaninímọ̀ràn yẹn léèrè: “Bí mo bá ní ìdajì owó yìí péré ni mo ní, kí lẹ máa yọ kúrò?” Bí wọ́n bá lè dáhùn lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìdí, wọ́n mọ ibi tí ewu yín wà. Bí wọ́n bá ní kò sí ohun tó ṣeé yọ, á jẹ́ pé ìwé tí wọ́n fún oníbàárà mìíràn ni wọ́n fún yín.

Báwo wá ni ẹ ṣe máa ṣírò tiyín? Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ibi tí owó tàbí ọjà ti lè jò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye tó lè jò lóṣù kan, oṣù mélòó ni yóò gbà kí ẹ tó mọ̀ bí nǹkan ṣe wà báyìí, àti ohun tí yóò ná yín láti dín oṣù yẹn kù. Ìlà kẹta yìí ni mo ń pe àkíyèsí yín sí. Kì í ṣe olè nìkan ni ẹ ń fi owó dá dúró. Àkókò ni ẹ ń rà. Nínú ìwádìí ACFE yẹn kan náà, jìbìtì máa ń lo nǹkan bí oṣù 12 kó tó hàn. Èyí tó jáde lẹ́yìn oṣù méjì kì í sábà wó ilé-iṣẹ́.

Ẹ wo ọjọ́ tí iye owó ọjà yí padà. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù ní May 2023, tí náírà sì já ní June ọdún kan náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà ti sọ àfikún owó di àṣà. Bí ọjà mílíọ̀nù 30 bá wà ní ẹ̀ka kan ní alẹ́ tí àfikún ìdá 8 nínú 100 dé, ọjà yẹn ti fi mílíọ̀nù 2.4 lé e kí ilẹ̀ tó mọ́. Máníjà lè tà á ní iye tuntun, kó kọ ínfọ́ìsì rẹ̀ ní iye àná, kó sì kó ìyàtọ̀ rẹ̀ sápò. Kò sí páálí kan tó dín, nítorí náà kíka ọjà ní ìparí oṣù kò ní fi nǹkan kan hàn. Ohun tó ń tú u fó ni kí ẹni tó ti olú ilé-iṣẹ́ wá ka ọjà ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n ti iye àtijọ́ pa lórí kọ̀ǹpútà láti Ìbàdàn, kí wọ́n sì yẹ gbogbo ínfọ́ìsì ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àti ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn wò, pàápàá èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kọ “nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa”. Bí àfikún bá wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, tí ìrìnàjò àti àjẹmọ́nú ẹni kan jẹ́ 45,000 lálẹ́ kan, ẹ̀ka mẹ́fà yóò ná yín ní mílíọ̀nù 1.08. Kí ẹ̀ka kan ṣoṣo ṣe màgòmágó yìí lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún, ó ti ju owó yẹn lọ ní ìlọ́po méjì. Irú ìnáwó báyìí kò gba ìpàdé.

Èkejì ni àwìn. Bí ìdajì ọjà yín bá jẹ́ àwìn ọjọ́ 21, nǹkan bí mílíọ̀nù 69 ló wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà nígbàkígbà. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ rèé: sales rep, ẹni tó ń bá yín tajà káàkiri tó sì ń gba owó rẹ̀, gba 800,000 lọ́wọ́ oníbàárà kan, ó ná an, nígbà tí oníbàárà kejì san tirẹ̀, ó fi í bo ti àkọ́kọ́, ó fi ti ẹ̀kẹta bo ti èkejì. Lórí ìwé, gbogbo ènìyàn ń san, wọ́n kàn ń pẹ́ díẹ̀ ni. Àmì rẹ̀ ni pé ọjọ́ ìsanwó ń gùn sí i, láti 21 sí 24 sí 29, lábẹ́ sales rep kan náà. Pé iye tí oníbàárà san kì í bá iye orí ínfọ́ìsì kankan mu. Àti pé ọ̀gbẹ́ni náà kì í fẹ́ lọ ìsinmi. Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, kí olú ilé-iṣẹ́, láìgba ọwọ́ sales rep kankan, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà kọ̀ọ̀kan: “Gbèsè yín lọ́dọ̀ wa jẹ́ iye báyìí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pe nọ́ńbà yìí.” Kí ẹnìkan tẹ ogún nínú wọn láago, tí ó fúnra rẹ̀ mú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kí nọ́ńbà fóònù inú ìwé jẹ́ èyí tí ẹ gbà nígbà tí wọ́n ṣí àkáǹtì, kì í ṣe èyí tí sales rep ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá. Kí gbogbo sales rep sì lọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lọ́dún, kí ẹlòmíràn gba agbègbè rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn sábà máa ń tó kí ọ̀rọ̀ tó tú.

Owó báńkì àti POS ẹ gbọ́dọ̀ máa fi wé ìwé lójoojúmọ́, kí ẹni tó ń fi wé e má jẹ́ ẹni tó kọ ọ́. Àfikún páálí tí àwọn tó ń ṣe ọjà ń fún yín nígbà ìpolówó, ẹ bi oníbàárà mélòó kan bóyá ó dé ọwọ́ wọn. Ìfọ́ ìgò, ẹ má ṣe gba ìwé nìkan. Kí àfọ́kù wà nílẹ̀ títí ẹni ìta yóò fi rí i. Ti dísẹ́ẹ̀lì, ẹ máa ṣírò kìlómítà tí lítà kan gbé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èyí tó yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Owó bébà, yíǹkì àti tíì ọ́fíìsì, tí gbogbo rẹ̀ lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 1.5 lọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ní ọjọ́ tí wọn ò retí, ó tó. Díẹ̀ yóò máa jò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jò. Ẹni tí ẹ bá fi ń ṣọ́ ọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ yóò ná yín jù ohun tí yóò gbà là.

Olóbó wá. Nínú ìwádìí ACFE yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló ta ju ìdajì àwọn olóbó náà. Ní ilé-iṣẹ́ ẹbí, òṣìṣẹ́ máa ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ òun yóò kan àbúrò ọ̀gá tàbí ọmọ ìyá àǹtí ọ̀gá. Ẹ wá ẹnìkan tí kì í ṣe ẹbí, lọ́yà yín tàbí díréẹ́tọ̀ tó ti ìta wá, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ògiri gbogbo ẹ̀ka àti lẹ́yìn ínfọ́ìsì àwọn oníbàárà. Owó rẹ̀ kéré débi pé mi ò tilẹ̀ kà á mọ́ ìnáwó. Ohun tó ń pa á ni kí ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ohun tí mo rò pé ó bá yín mu lọ́dún àkọ́kọ́ rèé. Ẹnìkan tó mọ ìṣirò owó dáadáa, tó sì lágbára láti rìn, mílíọ̀nù 4.8 lọ́dún; ìrìnàjò rẹ̀, mílíọ̀nù 2.4; kíka ọjà alẹ́ àfikún, mílíọ̀nù 1.1; àtẹ̀jíṣẹ́, ìpè àti àtúnṣe sí kọ̀ǹpútà kó lè máa gbé ohun àjèjì jáde fúnra rẹ̀, 800,000; ojú ìta, ìyẹn àyẹ̀wò tí ẹni ìta yóò ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, fún àwìn àti iye owó ọjà nìkan, mílíọ̀nù 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 12.1, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún èrè yín. Bí ó bá ṣì wúwo, ojú ìta ni kí ẹ sún sí ọdún kejì, kì í ṣe ìrìnàjò. Ọ́dítọ̀ abẹ́nú tí kò ní owó ọkọ̀ yóò jókòó sí Ìbàdàn, ìwé tí àwọn máníjà bá fi ránṣẹ́ sí i ni yóò máa yẹ̀ wò.

Ẹ tún ya owó àti àkókò sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń fi owó ìmójútó ṣòfò nìyẹn. Ní Barings, báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òṣìṣẹ́ wọn, Nick Leeson, ló ń rà tó sì ń tà fún wọn ní ọjà ìnáwó ní Singapore, òun náà ló ń mójú tó ìwé ohun tó rà àti ohun tó tà. Àyẹ̀wò abẹ́nú tí wọ́n ṣe ní 1994 ti sọ pé kí wọ́n ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Wọn ò ṣe é. Ní February 1995, àdánù tó pamọ́ sínú àkáǹtì 88888 ti di mílíọ̀nù 827 pọ́n-ùn, báńkì náà sì wó. Ìmójútó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, gbogbo àléébù tí ọ́dítọ̀ yín bá kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tí yóò tún un ṣe àti ọjọ́ tí yóò parí. Kí ìpàdé díréẹ́tọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ wò ó bóyá iye náà pọ̀ tàbí kéré. Kì í ṣe iye olè tí wọ́n mú ni ẹ máa fi mọ̀. Ẹ wo ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí nǹkan bàjẹ́ àti ìgbà tí wọ́n rí i, kí ẹ tún wo ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí wọ́n rí i àti ìgbà tí wọ́n tún un ṣe. Bí àyẹ̀wò kan kò bá rí nǹkan kan fún ọdún kan, ẹ dán an wò: kí ẹ̀yin àti díréẹ́tọ̀ kan mọ̀ọ́mọ̀ fi ínfọ́ìsì kan tí iye rẹ̀ kò tọ̀nà síbẹ̀. Bí wọ́n bá mú un, ẹ lè sún àyẹ̀wò yẹn láti ọ̀sẹ̀ sí oṣù. Bí wọn ò bá mú un, ẹ ti ń sanwó fún ìfọwọ́sí lásán. Ẹ fi kún ìmójútó fún oṣù mẹ́ta nígbàkígbà tí máníjà bá yí padà, tí ẹ bá ṣí ẹ̀ka tuntun tàbí tí ẹ bá yí ètò kọ̀ǹpútà. Àsìkò wọ̀nyí ni àkóso máa ń bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní èrò burúkú: ẹni tuntun kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ìgbésẹ̀ kan, ó sì fò ó, ẹni méjì pín ọ̀rọ̀ aṣínà kan nítorí tí ẹnìkejì kò tíì rí tirẹ̀ gbà.

Ibi tí owó yìí kò dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Bí máníjà, aṣọ́géètì àti kaṣíà ẹ̀ka kan bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀, ìmójútó yóò pẹ́ kó tó rí wọn, nítorí gbogbo ìwé yóò bára mu. Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni ẹ̀yin fúnra yín. Bí ẹ̀yin tàbí àbúrò yín bá ń tẹ máníjà láago pé kó fún ẹnìkan ní 200,000 nínú owó ọjà, “a ó kọ ọ́ tó bá yá”, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn tí mílíọ̀nù 12 kò lè tì. Gbogbo ohun tó bá dín lẹ́yìn náà, máníjà ti rí orúkọ tí yóò fún un. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ máa fi ìwé gba owó. Àwọn iye tí mo sì ṣírò wọ̀nyí, àbá ni wọ́n. Ẹ fi ti yín rọ́pò wọn, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan pẹ̀lú àdánù tó kéré jù, ọ̀kan pẹ̀lú èyí tó pọ̀ jù. Ìnáwó tó bá mọ́gbọ́n dání nínú méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Ní ti báńkì, ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó má ju ìròyìn ọjà tó wà nílẹ̀ àti gbèsè tó wà níta lóṣooṣù, tí ẹni tí kò sí nídìí ìwé owó yẹ̀ wò, ìyẹn kò sì tó mílíọ̀nù 38. Ẹ tún rántí pé òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ti 2020, CAMA, ní abala 405, kan yín láìka báńkì sí. Ẹ ti kọjá ilé-iṣẹ́ kékeré, èyí tí owó ọjà rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 120 lọ. Ẹ̀yin àti oníṣirò owó yín ni yóò fọwọ́ sí i pé ẹ ti yẹ àkóso abẹ́nú wò láàárín 90 ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ ìwé ìṣirò tí ọ́dítọ̀ yẹ̀ wò, àti pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi àyẹ̀wò ọdọọdún yín sí àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, kí iṣẹ́ kan dáhùn fún òfin àti fún báńkì. Ẹ má sì dúró de ẹni tí ẹ fẹ́ gbà: àtẹ̀jíṣẹ́ gbèsè lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, bí ẹnìkan bá lè fi ọjọ́ méjì yẹ nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà wò kó tó di ìgbà náà.